Kò Sí Ẹja Nínú Ìtàn Yẹn

Bajulaiye, Ṣómólú.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Mojísọ́lá, Àṣàkẹ́ mi,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já, kò sí ohun tó ṣe wá. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Kúnlé àbúrò rẹ náà wà, ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni kò ní ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá ṣe kàyéfì bí o bá rí lẹ́tà, nítorí láti ọ̀dọ̀ wa níbí dé yàrá tí o gbà sí Ladi-Lak, ẹni tó bá mọ ọ̀nà inú àdúgbò á fi ẹsẹ̀ rìn ín láìlàágùn. Bàbá wo ló ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà nítòsí báyìí? Èmi ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo ní kí o bá mi gbé iyọ̀ wá. Ìyá rẹ tilẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi gbogbo iyọ̀ yẹn ṣe.

Kí n kọ́kọ́ kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wà ní ilé ìtẹ̀wé wa, títí kan obìnrin tó wá ra bébà tó bàjẹ́. Alájì ọ̀gá mi ní bí mo bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á bá mi tẹ̀ ẹ́ ní pósítà kí etí òun lè sinmi. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo fi ìwé mẹ́fà wọ Èkó láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ mi ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Gẹ̀ẹ́sì! Bí mo bá gbé èjìká sókè díẹ̀ ládùúgbò, kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n o mú ìwé tí ẹ ó lò wá han ìyá rẹ ní ọjọ́ Àìkú náà, ìwé ìdánrawò Gẹ̀ẹ́sì tó ní àyọkà, tó ní ìbéèrè, tí ìdáhùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ yìí ò le rárá. Áńsà wà lẹ́yìn ìwé. Màá kàn kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù ni, wọ́n á máàkì ara wọn, ó tán." Ìyá rẹ bá ọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí pé mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ Ajé ni wàá wọ kíláàsì. Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí tó ọ lọ́wọ́ kó tó di ìgbà náà, kí o sì kà á tán kí o tó bínú sí mi.

O mọ̀ mí, mi ò kì í ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mò ń gbé ní Bàrígà, kí n máa ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sókè. Mo máa ń fa ohùn, mo máa ń dánu dúró níbi tí àmì wà, àwọn ọmọbìnrin ilé á sì máa wò mí. Ìyá rẹ wà lára wọn. Má wulẹ̀ bi í, yóò ní irọ́ ni. Káfíńtà kan wà nínú ilé náà tí à ń pè ní Bàbá Wàsíù. Ó ti wá iṣẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ó gbé e wá bá mi. Mo dìde dúró, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn mi ń dún, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo parí, ó ní, "O ṣé, akọ̀wé. Kí ni wọ́n wí?"

Mojí, mi ò mọ ohun tí wọ́n wí. Mo mọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí. Ojú àwọn ará ilé sì wà lára mi. Mo ní, "Wọ́n kí yín, Bàbá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí ẹ máa retí àwọn." Ohun tó wà nínú lẹ́tà ni pé kó wá ní Ọjọ́bọ̀, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Ọjọ́bọ̀ kọjá lọ níbi tó ti jókòó tó ń retí wọn. Nígbà tí ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ fún un, wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún káfíńtà mìíràn. Kò bá mi jà. Ó kàn ń pè mí ní akọ̀wé ní àràárọ̀ títí mo fi kó kúrò nínú ilé yẹn.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá dìde tó ka àyọkà geere, tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti èmi lọ́jọ́ náà, má tíì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní kó pa ìwé dé, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá tó o, ní kó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé wọ́n lè ti kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ pé ẹni tó bá sọ Yorùbá yóò jẹ ẹgba. Ti ìlẹ̀kùn kíláàsì rẹ, kí o jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹni tí ìtàn bá ti yé, o lè wá bá a wá Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́. Sì rí i pé o bi èyí tó ń kà á pẹ̀lú ìkólòlò náà. Irú wọn máa ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ pé òun ló yé jù.

Èkejì ni ti sísọ ọ̀rọ̀ gígùn ní kúkúrú, èyí tí ẹ̀ ń pè ní sọ́márì. Má lo ìyá rẹ ṣe àpẹẹrẹ. Bí o bá bi obìnrin yẹn pé kí ló dé tó fi pẹ́ lọ́jà, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ kí i ní ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì sọ ẹni tí ẹni náà bá tan. Ní kí àwọn ọmọ tí òbí wọn ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀sà Bàrígà sọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja, ní gbólóhùn mẹ́ta péré. Ní kí ọmọ télọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń gé ṣòkòtò. Ohun tí wọ́n bá mọ̀ ni ẹnu wọn á kọ́kọ́ là lé lórí. Mo rò pé o ti mọ ìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà kò lè má kọ́ ọ.

Ó tó àkókò kí n dé orí ọ̀rọ̀ iyọ̀.

Ṣé o rántí ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá? JSS 1 lo wà. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló kún fún pósítà. Ojú àwọn olóṣèlú wà lórí okùn níbi tí a sá wọn sí, ó wà lórí àga, ó wà nílẹ̀, a sì ń tẹ irùngbọ̀n wọn mọ́lẹ̀ ká tó lè rọ́nà débi ẹ̀rọ. Àárín rúkèrúdò yẹn ni iṣẹ́ ìwé kan wọlé, ìwé ìdánrawò Gẹ̀ẹ́sì fún JSS 1, irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí gan-an. Iṣẹ́ tèmi ni kí n to ojú ìwé. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà á tẹ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan jáde sórí bébà láìní nọ́ńbà, èmi ni n ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, tí n ó sì tò wọ́n tẹ̀léra kí wọ́n tó lọ sórí ẹ̀rọ. Ìtàn á wà lápá òsì, ìbéèrè rẹ̀ á wà lápá ọ̀tún. Ọwọ́ mi yá nínú iṣẹ́ yẹn débi pé mo lè máa tò ó kí n máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Wọ́n máa ń mú àwọn ẹlòmíràn wá wò mí.

Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń gbé pósítà kọjá fi ìbàdí gbá tábìlì mi, bébà tú dànù sílẹ̀. Mo ṣà wọ́n. Mi ò ka ohun tó wà lára wọn, mo ní ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Báyìí ni mo ṣe fi ìbéèrè ìtàn apẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn télọ̀, tí mo fi ìbéèrè télọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti apẹja, tí mo sì lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn, ó gún régé. A tẹ̀ ẹ́, a dì í, ó lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ó dé tìrẹ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan o wọlé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ wú. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yín ní kí ẹ ka ìtàn télọ̀ kí ẹ dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó kọ B, D, A, A, C sí bọ́ọ̀dù, gbogbo kíláàsì sì dà á kọ, wọ́n gba márùn-ún nínú márùn-ún. Ìwọ nìkan lo gba òdo. O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan gbáko, pé kò sí ẹja nínú ìtàn yìí. Ó nà ọ́, ó ní o ń rí òun fín, kí o mú bàbá rẹ wá.

O gbé ìwé náà fún mi. O ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Télọ̀ ló fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà. Wọ́n wá ń bèèrè pé ẹja mélòó ni Kàsúmù pa. Kàsúmù wo? Kò kúkú sí Kàsúmù níbẹ̀!"

Mo gba ìwé náà, mo wọ yàrá lọ. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ èèyàn bí mo bá rí i. Lóòótọ́ ni, kò sí Kàsúmù nínú ìtàn télọ̀. Mo ṣí ìwé síwájú, mo bá Kàsúmù nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, wọ́n sì ń bi í léèrè áyọ́ọ̀nù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí mo gba ipò rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé, ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni pé àṣìṣe ló ṣe tí Alájì fi lé e. Ìyá rẹ sì wà nínú oyún Kúnlé. Ẹ̀rù bà mí.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ aṣọ ìlọ-ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo tẹ̀lé ọ lọ. O rò pé mo fẹ́ lọ gbèjà rẹ. Mo rí i nínú ìrìn rẹ, ò ń fò lọ níwájú mi, o sì ń bojú wẹ̀yìn wò mí. Nígbà tí a débẹ̀, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ọmọ yìí ti máa ń ṣàròyé jù. Ohun tó bá ti wà nínú ìwé ni kó kọ." Mo ní kí o kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n. O kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà o kúnlẹ̀. O fa igi lé gbólóhùn rẹ lórí, o kọ B, D, A, A, C sábẹ́ rẹ̀, tíṣà sì fún ọ ní márùn-ún nínú márùn-ún.

Láti ọjọ́ yẹn, o kò bá ìwé kankan jiyàn mọ́. O ń gba ipò kìíní, àwọn ará ilé ń yìn ọ́ pé o jẹ́ ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ ọmọ tó wà nílé tẹ́lẹ̀, èyí tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí yóò máa bi mí ní kí ló dé, kí ló dé, títí n ó fi lé e lọ bá ìyá rẹ̀. Bóyá o ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí, Mojí, ó sì dùn mí, ó ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù níbẹ̀. Nígbà tí o wọ SS 1, tí ẹ kò lo ìwé yẹn mọ́, mo lọ bá Alájì, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Mojí, nítorí èyí lo ṣe ń sá fún mi látọjọ́ yìí? Bébà péńpé kan là bá kàn tẹ̀, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé náà pé ìbéèrè ti ṣí ipò. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni! Ẹni tí mo lé yẹn, olè ló jà. Ta ló sọ fún ẹ pé torí àṣìṣe ni? Ṣé o bi mí ni?"

Mi ò bi í. Mo ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀ nítorí ohun tí mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, gba ìyókù ìmọ̀ràn yìí lọ́wọ́ ẹni tó mọ inú ìwé àti ẹ̀yìn rẹ̀. Máa ka àyọkà kọ̀ọ̀kan nílé fúnra rẹ títí dé òpin, kí o dáhùn ìbéèrè rẹ̀ fúnra rẹ, kí o tó wo ẹ̀yìn ìwé. Tí o bá lè gé ewé áńsà yẹn kúrò kí o fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ, gé e. Àwa tí à ń tẹ̀wé kì í ṣe áńgẹ́lì. Ẹni tí ebi ń pa wà nínú wa, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ wà níbẹ̀, ẹni tó gbé pósítà sì lè gbá tábìlì nígbàkigbà.

Bí ọmọ kan bá ní, "Àǹtí, kò sí níbẹ̀," gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Lọ bá a níbi tó jókòó, kí ẹ jọ wá a. Bí ó bá wà níbẹ̀, fi ìka hàn án, má nà án. Bí kò bá sí, sọ fún gbogbo kíláàsì pé kò sí, kí o sì dárúkọ ọmọ tó rí i, kí gbogbo wọn gbọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí ìwọ gan-an kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀, kí o lọ wò ó wá. Mo ti sọ bí ti Bàbá Wàsíù ṣe rí fún ọ.

Má lọ fi èyí bá àwọn àgbà tíṣà tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ ṣe fàáàrí o. Bí o bá rí àṣìṣe nínú ìwé tí wọ́n yàn, lọ bá ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o fi ojú ìwé náà hàn wọ́n. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, wá bá mi. Mo ní bébà, mo ní gọ́ọ̀mù, Alájì sì ti gbà.

Ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn ní JSS 1, tí gbogbo kíláàsì ń kọ B, D, A, A, C, kò lè ti kú nínú rẹ. Mo fẹ́ kó bá ọ wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé.

Nínú àpò lẹ́tà yìí wàá bá ojú ìwé mẹ́rin. Ẹ̀dà kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, mo gé wọn níbẹ̀, mo tò wọ́n bó ṣe yẹ: télọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè télọ̀, Kàsúmù pẹ̀lú ẹja rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá, bí mo bá ti tibi iṣẹ́ dé, mo máa ń jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè tí o fi sílẹ̀ nílé, mo ń ka ìtàn télọ̀ ní ìwọ̀n ìlà mẹ́ta mẹ́ta. Mo ti kà á tán. Télọ̀ náà fi aṣọ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ló gbé e lọ sílé aláṣọ fúnra rẹ̀. Èmi pẹ́ jù ú lọ púpọ̀. Ìbéèrè karùn-ún ń bèèrè ìdí tí kò fi tètè sọ òtítọ́. Mi ò mú ọ̀kankan nínú A, B, C, D níbẹ̀. Mo kọ gbólóhùn tèmi sí abẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́kọ́ tí mo kọ fúnra mi láyé: pé ẹ̀rù bà á, kò sì ronú kan ẹni tí yóò jìyà rẹ̀. Mo fi bírò pupa sínú àpò náà. Bí mo bá ṣì í, fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí lọ́jọ́ Àìkú.

Bébà péńpé kan tún wà níbẹ̀. Èmi ni mo to ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gun orí ẹ̀rọ. Alájì bèèrè pé ẹ̀dà mélòó. Mo ní ọ̀kan. Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí:

ÀTÚNṢE. Ìbéèrè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn télọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹja nínú ìtàn náà. Mojísọ́lá, ọmọ JSS 1, ló kọ́kọ́ rí i, ó sì tọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó ń retí máàkì.